Ọwọ́ Òsì, Ọwọ́ Ọ̀tún

Kí ni à ń pè ní ètò ìjọba? Àwọn kan ní òfin ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, ọdún 2022, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní Ṣómólú àti Bàrígà, nítorí jàǹbá àti ìwà ọ̀daràn. Mo gbà pé ẹ̀mí ju owó lọ. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà pẹ̀lú ní ọmọ tí yóò jẹun lálẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Òfin ni ọwọ́ òsì. Iṣẹ́ mìíràn fún ẹni tí ó pàdánù tirẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún. Lójú tèmi, ọwọ́ méjèèjì ni ètò ìjọba.