AṢỌ FUNFUN ÀTI Ẹ̀TẸ̀ GÉHÁSÌ

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 5:1-27, Jákọ́bù 1:22-25

 

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí ìgbọràn sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí a ti kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Ìwé Mímọ́ lẹ́nu, tí a lè pe orí àti ẹsẹ̀ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé ìdí ọjà, tàbí ó bá dé inú yàrá, a ó máa ṣe bí ẹni tí kò kà á rí. Jákọ́bù fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ọkùnrin tí ó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí, tí ó bá tirẹ̀ lọ, tí ó sì gbàgbé bí ojú náà ti rí. Ìdí nìyí tí a fi mú ìtàn ènìyàn méjì wá: Náámánì ará Síríà, àti Géhásì ìránṣẹ́ Èlíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sílẹ̀ bí ẹ ti ń ka èyí.

1. NÁÁMÁNÌ GBA Ọ̀RỌ̀ KÉKERÉ

Náámánì jẹ́ olórí ogun ọba Síríà. Ènìyàn ńlá ni, akọni ni, ọba rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni. Nígbà tí ó ń bọ̀ wá ìwòsàn ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ó di tálẹ́ǹtì fàdákà 10 lẹ́rù, àti ìwọ̀n wúrà 6,000, àti ìpààrọ̀ aṣọ 10. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti san. Ó sì ti ro ó nínú ara rẹ̀ bí iṣẹ́ náà yóò ti rí: wòlíì yóò jáde tọ òun wá, yóò dúró, yóò ké pe orúkọ Ọlọ́run rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sókè-sódò lórí ibi tí àrùn náà wà. Èlíṣà kò tilẹ̀ yọjú. Ìránṣẹ́ ló rán sí i pé kí ó lọ wẹ̀ nínú odò Jọ́dánì lẹ́ẹ̀méje. Inú bí Náámánì. Ó ní àwọn odò Damásíkù, Ábánà àti Fápárì, dára ju gbogbo omi Ísírẹ́lì lọ. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó fẹ́ máa gbé ẹ̀tẹ̀ rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ má fi Náámánì ṣẹ̀rín o. Bí a bá ní kí ẹlòmíràn nínú wa tan àbẹ́là méje, yóò tan mọ́kànlélógún. Bí a bá ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sùn ní ilé ìjọsìn, kí ó lọ wẹ̀ lódò lóru, yóò ṣe é láìráhùn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ wá pé, "Arábìnrin, lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, kí ẹ parí ìjà yín," tàbí pé, "Arákùnrin, san gbèsè tí o jẹ," ojú rẹ̀ á yí padà. Á ní kò sí agbára níbẹ̀ mọ́. Á wá wòlíì mìíràn lọ sí Kútọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà tí ó yẹ kí a parí wà nínú Bíbélì: Olúwa ní kí ẹni tí ó mú ọrẹ wá, tí ó rántí níbẹ̀ pé arákùnrin òun ní nǹkan sí òun, fi ọrẹ náà sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ó kọ́kọ́ lọ bá a làjà (Mátíù 5:23-24).

Àwọn ìránṣẹ́ Náámánì ló gbà á. Wọ́n pè é ní baba, wọ́n bi í pé bí wòlíì bá sọ ohun ńlá fún un, ṣé kò ní ṣe é ni? Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rì sínú Jọ́dánì lẹ́ẹ̀méje, ẹran ara rẹ̀ sì padà bí ti ọmọ kékeré. Bíbélì kò sọ pé omi Jọ́dánì ní agbára kan tí omi Damásíkù kò ní. Ó sọ pé Náámánì ṣe gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ènìyàn Ọlọ́run (ẹsẹ̀ 14).

Ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé Náámánì? Ọmọdébìnrin kan ni, tí àwọn ará Síríà kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ ìyàwó ọ̀gágun náà. A kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwa ará ilẹ̀ yìí kò ṣàì mọ ohun tí irú ìyẹn jẹ́. Ní ọdún 1886 ni ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Ọmọ tí ogun kó bí èyí ìbá dákẹ́, kí ara ọ̀gá rẹ̀ máa jẹrà lọ. Ṣùgbọ́n àánú ṣe é, ó sì sọ òtítọ́ tí ó mọ̀. Òun náà ṣe ìgbọràn, nínú ilé ọ̀tá.

2. GÉHÁSÌ TÍ Ó SÚNMỌ́ WÒLÍÌ

Ẹ wá wo Géhásì. Kì í ṣe àlejò. Ilé wòlíì ni ó ń gbé. Òun ni Èlíṣà fún ní ọ̀pá pé kí ó lọ fi lé ojú ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù tí ó kú (2 Àwọn Ọba 4:29-31). Ó mọ̀ pé ọmọ náà jíǹde. Ó gbọ́ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi orúkọ Olúwa búra pé òun kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ Náámánì. Síbẹ̀, ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun yóò sáré tẹ̀lé ará Síríà yìí, òun yóò sì gba nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fi ara balẹ̀ wo irọ́ tí ó pa. Ó ní, "Ọ̀gá mi ló rán mi." Ó ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì nínú ọmọ àwọn wòlíì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè Éfúráímù, kí Náámánì ta wọ́n lọ́rẹ tálẹ́ǹtì fàdákà kan àti ìpààrọ̀ aṣọ méjì. Ó fi orúkọ wòlíì bo ojúkòkòrò mọ́lẹ̀, ó sì fi ìtọ́jú aláìní ṣe ẹ̀wù fún un. Náámánì fún un ní tálẹ́ǹtì méjì dípò kan. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ ilé, ó gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó bá a rù ú, ó tọ́jú rẹ̀ sínú ilé, ó ní kí wọ́n máa lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wọlé, ó lọ dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Èlíṣà bi í pé, "Géhásì, níbo ni o ti ń bọ̀?" Ẹ̀yin ará, àánú Ọlọ́run wà nínú ìbéèrè yìí. Wòlíì ti mọ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún un láti jẹ́wọ́. Bí Géhásì bá wólẹ̀, tí ó ní, "Baba, mo ti ṣẹ̀," a kò mọ irú àánú tí ìbá rí gbà. Ó ní òun kò lọ sí ibì kankan. Ìgbà yẹn ni ìdájọ́ jáde, tí ó sì jáde kúrò níwájú Èlíṣà ní adẹ́tẹ̀, ara rẹ̀ funfun bí òjò dídì.

Ṣé ẹ rí i? Funfun ni ó jáde! Àwa tí a ń wọ funfun, kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Funfun kan wà tí í ṣe ti ìwẹ̀nùmọ́. Ìwé Ìfihàn sọ pé iṣẹ́ òdodo àwọn ènìyàn mímọ́ ni aṣọ ọ̀gbọ̀ wíwẹ́ tí ó funfun náà (Ìfihàn 19:8). Funfun mìíràn sì wà tí í ṣe ẹ̀tẹ̀. Bí ènìyàn bá jìnnà, ó lè má mọ ìyàtọ̀ wọn.

3. NÍBO NI Ọ̀RỌ̀ YÌÍ TI KÀN WÁ?

Láti ọdún 1947 tí S. B. J. Oshoffa, káfíńtà ará Àjàṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tí ìjọ aláṣọ funfun sì gbilẹ̀ láàrin wa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ti kó òrìṣà, ońdè àti ìgbàdí dànù. A dúpẹ́ fún èyí. A bọ́ bàtà nítorí ohun tí Olúwa wí fún Mósè níbi igbó tí ń jó (Ẹ́kísódù 3:5). Ó dára. Ṣùgbọ́n kò sí ońdè lára Géhásì. Ìwọra ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn kò sì ṣeé sọ sódò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin aríran àti wòlíì. Bí ẹnìkan bá wá pẹ̀lú ẹkún, tí ẹ sì sọ fún un pé, "Ẹ̀mí ní kí o mú owó báyìí wá," nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ yín ló fẹ́ san owó ilé ìwé, "Ọ̀gá mi ló rán mi" ti Géhásì náà ni ẹ ń sọ yẹn. Bí ẹ bá ṣe aláìní, ẹ sọ fún ìjọ pé ẹ ṣe aláìní. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́ tọrọ owó.

Ó kan ẹ̀yin ọlọ́jà, ní Ouando, ní Adjarra, ní Pobè. Òfin Mósè kọ òṣùwọ̀n méjì nínú ilé kan, ńlá fún rírà, kékeré fún títà (Diutarónómì 25:13-15). Igbá tí a lu ìdí rẹ̀ wọnú, agolo tí a fi nǹkan sí nísàlẹ̀, epo bẹntiróòlù tí a bu nǹkan mìíràn lù, gbogbo rẹ̀ ni Olúwa kórìíra. Ẹni tí ó ra gàrí yẹn lè jẹ́ opó tí ó ń ṣírò owó lọ́wọ́ kí ó tó kúrò nílé. Ìdámẹ́wàá tí a bá yọ nínú irú èrè bẹ́ẹ̀ kò lè sọ èrè náà di mímọ́.

Ó kan ẹ̀yin ìyá àti baba tí ọmọ ọ̀dọ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Wọ́n mú ọmọ yẹn wá láti abúlé, wọ́n ní ẹ ó fi í sí ilé ìwé tàbí ẹ ó kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló ń jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, òun ló ń lọ aṣọ ìjọsìn yín tí ó fi ń dán gbinrin, aṣọ tirẹ̀ sì ti ya. Ẹ rántí ọmọdébìnrin ilé Náámánì. Ó lè jẹ́ ẹnu ẹni kékeré yìí ni Ọlọ́run fẹ́ gbà ran ilé yín lọ́wọ́. Ó sì tún lè jẹ́ pé òun ni ó ń ké pe Ọlọ́run nípa yín. Òfin ní kí a má ṣe ni alágbàṣe tí ó jẹ́ tálákà lára, kí a san owó rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí ó má bàa ké pe Olúwa sí wa (Diutarónómì 24:14-15).

4. KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkíní, kí a máa ka Ìwé náà. Láti ọdún 1884 ni Bíbélì ti wà lódindi lédè Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ sí ilé ìwé Faransé, ẹ kọ́ wọn ní kíkà èdè wa, kí wọ́n máa kà á fún ìyá àgbà lálẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ àṣẹ kò lè pa á mọ́.

Èkejì, kí a yẹ ilé wa wò. Kí ni a gbé pamọ́? Owó àjọ tí a kò dá padà ni, tàbí ilẹ̀ ọmọ òrukàn? Àwọn àgbà ní amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a dá a padà. Òfin ní kí ẹni tí ó jẹ̀bi dá odindi ohun náà padà, kí ó sì fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e (Léfítíkù 6:1-5). Sákéù ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ (Lúùkù 19:8). Ẹ kíyè sí i pé òfin ní kí a kọ́kọ́ dá ohun olóhun padà, lẹ́yìn náà ni kí a mú ẹbọ wá. Ẹ má jẹ́ kí àbẹ́là ṣáájú gbèsè. Bí gbogbo owó náà kò bá sí lọ́wọ́, ẹ lọ bá olówó, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, ẹ jẹ́wọ́, kí ẹ dá ìgbà tí ẹ ó san án, kí ẹ sì mú un ṣẹ.

Ẹ̀yin ará, lónìí Olúwa ń bi olúkúlùkù wa pé, "Níbo ni o ti ń bọ̀?" Ẹ má ṣe dáhùn bí Géhásì. Ẹ dáhùn nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìbéèrè.

ÀDÚRÀ: Olúwa Ọlọ́run àwọn ọmọ-ogun, Ìwọ tí o wẹ Náámánì mọ́, wẹ̀ wá mọ́. Fún àwọn aríran wa ní ẹnu òtítọ́, fún àwọn ọlọ́jà wa ní òṣùwọ̀n pípé, dáàbò bo àwọn ọmọ kéékèèké tí ó wà nínú ilé wa. Ohun tí a ti kà, fún wa lágbára láti ṣe é, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

ORIN
Wẹ inú wa, Olúwa,
Kí ó bá aṣọ wa mu;
Ohun tí a gbé pamọ́,
Ràn wá lọ́wọ́ k'á dá a padà.