Aláàbọ̀ Ara àti Iṣẹ́ Oòjọ́ Rẹ̀


Nígbà tí Bátímíù afọ́jú ń ké lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò, Olúwa wa kò ju owó sínú aṣọ rẹ̀ kí Ó sì kọjá lọ. Ó bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́. Èwo nínú wa ni ó ti bi aláàbọ̀ ara tí ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn wa léèrè iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe?

Òfin ilẹ̀ wa tí a fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fẹ́ kí ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ní Èkó níhìn-ín, LASODA ni ó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ sìn wọ́n dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ a máa fi ẹ̀rọ aláfọwọ́yí ránṣọ. Ẹni tí ó bá ń wá òṣìṣẹ́, kí ó rí mi lẹ́yìn Mísà.