Lẹ́yìn tí a bá san àáró tán

Ní ìgbèríko Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá yòókù, ọ̀nà méjì ni àgbẹ̀ ti ń gbà kó ènìyàn jọ sóko láti ìgbà pípẹ́. Nínú àáró, iye ọjọ́ tí o bá fi ro oko mi ni èmi náà yóò fi ro tìrẹ, ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ dín. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó niṣẹ́ á ránṣẹ́ sí ẹbí, àna àti aládùúgbò, á dáná, á gbé ẹmu kalẹ̀; bí iṣẹ́ bá parí, oníkálùkù á gbalé rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó ń ka gbèsè sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ọmọ ìyá àáró ni èsúsú: ẹni tó kó owó lónìí yóò máa dá a títí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn. Mi ò bú wọn o. Owó èsúsú ló kún ọ̀pọ̀ ìsọ̀ tí a ń rí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó san ohun tó gbà padà, olóòótọ́ ni, kò tíì di ọ̀làwọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń dúró nìyẹn, tí a sì ń pe ara wa ní ọmọlúàbí.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ẹ̀san kì í ṣeé ṣe. Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Ìgólò, ìlú ibodè tó dojú kọ Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà, abẹ́ Ifangni ló wà. Nígbà tí wọ́n ṣí àwọn ibodè kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí lára wọn. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ṣíṣí rẹ̀. Ẹni tó ń jẹun nídìí ẹrù tó ń sọdá, tàbí nídìí ìgò kpayo (bẹntiróòlù fàyàwọ́) tó tò sórí tábìlì lẹ́bàá títì, kí ni yóò dá sí èsúsú? Bí ọwọ́ gbogbo ẹgbẹ́ bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ètò sàn-án-kí-n-san-án kò ríbi dúró. Ẹni tó lè bu gàrí fún aládùúgbò tí kò lè dá ọjọ́ sísan nìkan ló kù. Èyí kì í ṣe èènì, nítorí oníbàárà ni a fi èènì dè mọ́lẹ̀. Kì í sì í ṣe owó tí a ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú lójú agbo. Ìyìn ni a fi ìyẹn rà, olórin sì ti san án tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹlòmíràn á ní ọ̀lẹ ni irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ ń bọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀ bí a bá ń fúnni láìwojú, ṣùgbọ́n òye wà lára ìwà ọmọlúàbí: a mọ ẹni tí òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Àtakò tó le jù ni ti tálákà tó ní òun ṣì ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, kí ni òun yóò fi tọrẹ. Kò pọn dandan kó jẹ́ owó, kò sì pọn dandan kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ṣoore. Aránṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ fojú fo owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ dá lè gba ọmọ kan sísọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Kò ní pàdánù tó bó ṣe ń bẹ̀rù. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà bá ti dé ni yóò ti máa gbálẹ̀ ìsọ̀, tí yóò máa dá iná sí irin, tí yóò sì máa já òwú lára aṣọ oníbàárà.