Ẹsẹ̀ Mẹ́ta fún Ajá Àgbà

Jẹjẹrẹ eegun kì í sábà mú ajá kéékèèké. Àwọn abara-ńlá bíi Rottweiler, Great Dane àti Greyhound ló máa ń bá fínra jù, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ti ń dàgbà. Ajá á kọ́kọ́ máa tiro. Olówó rẹ̀ á rò pé làkúrègbé tó ti ń bá a jà tipẹ́ ló tún gbóná sí i, á sì fún un ní oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ ya àwòrán eegun ni dókítà ẹranko á tó la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀: bí wọn ò bá gé ẹsẹ̀ yìí, ìrora á máa le sí i ni, eegun náà sì lè kán lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ohunkóhun gbá a.

Ṣé ó wá tọ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ajá tí oríkèé ẹsẹ̀ yòókù náà ti ń ro?

Dókítà lè sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Bóyá ó tọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn máa ń fọwọ́ sí ìwé. Ó mọ̀ pé torí ọ̀la lòun ṣe ń gba ìrora òní mọ́ra. Ajá ò lè fọwọ́ síwèé. Yóò jí, ẹsẹ̀ kan ò ní sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé fún un pé nítorí oṣù mélòó kan sí i ni. Ẹni tó bá a fọwọ́ síwèé ń ná ìrora tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an nìyẹn.

Yorùbá ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Òótọ́ lòwe yìí, ṣùgbọ́n ó gba ìṣọ́ra níbi ọ̀rọ̀ ajá. Bí èèyàn bá fi ara rẹ̀ sípò ajá, ìtìjú ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn: ojú tí aráyé á fi máa wò ó, iṣẹ́ tí kò ní lè ṣe mọ́, ijó tí kò ní lè jó. Ajá ò mọ ìkankan nínú wọn. Ìrora ló mọ̀, àti ebi, eré, oorun, ohùn olówó rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2015, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn olówó ajá 64 tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kan lẹ́nu wò. Àwọn 58 ní ìṣesí ajá àwọn kò yí padà. Àwọn 55 ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, ohun kan náà làwọn máa ṣe.

Ìwádìí yẹn tún sọ ohun kan tó yẹ kí olówó ajá àgbà gbọ́: bí ajá bá ṣe sanra tó lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ ni ayé máa ń nira fún un tó lẹ́yìn náà. Ìdí rẹ̀ ò farasin. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ń gbé nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ajá. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan kúrò, èkejì nìkan ló kù láti gbé e. Wọn kì í sì í sábà fi kùkùté sílẹ̀, torí ajá á máa fẹ́ fi tẹlẹ̀, á sì máa fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ti iwájú, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ tòun ti pátákó èjìká.

Làkúrègbé nìkan kì í sábà tó ìdí láti gé ẹsẹ̀ ajá àgbà. Kì í ṣe oríkèé kan ṣoṣo ló máa ń bà jẹ́. Bí a bá gé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún jù, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí àwọn tó ti ń dùn ún díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, làkúrègbé yìí kan náà ò tó ìdí láti kọ iṣẹ́ abẹ nígbà tí jẹjẹrẹ bá ti wọnú eegun. Ajá tó ti gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń fi mẹ́ta tó kù rìn lọ mumi, tó ń dá dúró tọ̀, ti fi ara rẹ̀ dáhùn. Ìrora ni ọ̀bẹ máa bá a mú kúrò. Ẹsẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ti ajá tí kò lè dìde àfi tí wọ́n bá fi aṣọ gbá a nídìí mú, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n orí, nínú ẹ̀kọ́ ìwà tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Königsberg, sọ pé ajá tó ti sin olówó rẹ̀ tọkàntọkàn yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń tọ́jú títí tí yóò fi kú. Lójú tirẹ̀, ẹni tó yìnbọn pa á kò ṣẹ ajá. Ọmọlúàbí tirẹ̀ ló bà jẹ́. Onímọ̀ ọgbọ́n orí mìíràn, Jeremy Bentham, kọ ọ́ ní 1789 pé ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bóyá ẹranko lè jìyà. Bentham ló sún mọ́ òótọ́ jù. Hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá náà tì í lẹ́yìn: ọkùnrin kan rí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga, ó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún un, Ọlọ́run sì dárí jì í. Ajá yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Kò bá a ṣọ́lé rí, kò bá a dẹ̀gbẹ́ rí. Àánú tó rí gbà kì í ṣe owó iṣẹ́.

Owó iṣẹ́ abẹ ń kọ́? Ẹni tí kò ní in, tó wá gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn fún ajá rẹ̀ kí ìrora tó bò ó mọ́lẹ̀, kò dalẹ̀ ajá náà. Ẹni tó ṣe ibi ni ẹni tó fi í sílẹ̀ kó máa wọ́lẹ̀ kiri títí ikú fi dé, nítorí pé òun ò lè pinnu.

Ọjọ́ tó kù ló ṣòro kà. Kí wọ́n tó rí jẹjẹrẹ eegun, ó sábà máa ń ti fọ́n irúgbìn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ nìkan, ajá sábà máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún sí i; bí wọ́n bá fi kẹmó, oògùn tó ń bá jẹjẹrẹ jà, kún un, ó lè tó oṣù mẹ́wàá sí ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ajá máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn dáadáa láàárín oṣù kan. Ẹ jẹ́ ká ní oṣù mẹ́rin ló kù: ọ̀kan fún ọgbẹ́, mẹ́ta fún oòrùn àárọ̀, oúnjẹ àti eré. Mẹ́ta yẹn tó ohun tí à ń gé ẹsẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí àwòrán àyà bá ti fi kókó hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ìbàdí méjèèjì sì ti jẹra, ọgbẹ́ nìkan lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà náà, kí olówó ajá bi ara rẹ̀ ta ni òun ń ra oṣù wọ̀nyẹn fún. Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni, kí wọ́n má gé e.