Ta Ni Ó Tọ́ Kí Ó Máa Pàṣẹ Iṣẹ́ Panápaná?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òwe yìí kò nílò àlàyé púpọ̀ fún ẹni tí ó bá ń gbé Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1985, iná jó Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí a fi owó kòkó kọ́, tí a sì ṣí ní ọdún 1965. Ó di ọdún 1992 kí a tó tún un ṣí. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ohun abúgbàù bú ní Bódìjà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó o pamọ́ sínú ilé. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé sì wó. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, igbe kan náà ni a máa ń ké: níbo ni àwọn panápaná wà? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́yìn igbe náà tí a kì í sábà bèèrè: ta ni ó tọ́ kí ó pinnu iye panápaná tí àdúgbò kan yóò ní, àti bí wọ́n ti gbọ́dọ̀ tètè dé tó? Ṣé àwọn tí ilé wọn wà níbẹ̀ ni, tàbí ìjọba tí ó jókòó sí òkèèrè?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, láti òkè ni iṣẹ́ yìí ti ń wá sọ́dọ̀ wa. Lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá ni a ti dá a sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1901. Ọdún 1963 ni òfin sọ ọ́ di iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ojú àgbàrá, ààtàn. Kò dárúkọ iná pípa. Nítorí náà, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó bọ́ sí. Ìjọba ìbílẹ̀ lè sọ òpópó kan ní Akobo ní orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti sọ iye ènìyàn tí yóò gun ọkọ̀ panápaná tí yóò gba òpópó náà kọjá.

Àwọn tí ó ní kí àṣẹ bọ́ sí ọwọ́ ará àdúgbò ní ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Oko ni púpọ̀ nínú Akobo tẹ́lẹ̀. Ilé ni ó bò ó lónìí, ilé sì ń ṣáájú ọ̀nà. Ta ni ó mọ ọ̀nà tí àgbàrá ti gé, àti kànga tí kì í gbẹ nígbà ọyẹ́, bí kò ṣe ẹni tí ń gbé ibẹ̀? Ẹni tí ìyà yóò jẹ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè.

Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Iná kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àdúgbò olówó yóò ní ọkọ̀ mẹ́ta, ti tálákà yóò ní korobá iyanrìn. Yàtọ̀ sí èyí, ará àdúgbò pẹ̀lú a máa ṣe ìpinnu tí ń pa wọ́n lára. Nítorí olè ni àwọn lańlọ́ọ̀dù ṣe ń fi géètì dí òpópó, tí wọ́n ń tì í lóru; géètì kan náà ni yóò dá ọkọ̀ panápaná dúró nígbà tí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ bá sùn lọ.

Ẹnì kan tún wà tí a sábà ń gbàgbé: panápaná fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ tí ń gbé ìlànà ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé kí ènìyàn tí yóò wà nínú ọkọ̀ iná kan má dín ní mẹ́rin, àti pé kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ lójú ọ̀nà. Ìdí tí mẹ́rin fi yẹ kò ṣòro: bí méjì bá wọ inú èéfín, ó yẹ kí méjì wà ní ìta tí yóò lè fà wọ́n jáde. Bí a bá rán méjì péré lọ, ẹ̀mí wọn ni a fi ń dín owó kù. N kò rí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe gómìnà, ì báà ṣe àwa ará àdúgbò.

Lójú tèmi, ohun méjì ni a ń pè ní àṣẹ kan ṣoṣo. Èkíní ni òṣùwọ̀n tí a kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù: ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni èyí, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ní Akobo kò fúyẹ́ ju ẹ̀mí ènìyàn ní Bódìjà lọ. Èkejì ni bí a ó ṣe mú un ṣẹ: ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, ibi tí omi yóò ti máa wá, ọ̀nà tí a ó là, àti ohun tí àdúgbò bá fẹ́ fi kún òṣùwọ̀n náà. Èyí yẹ kí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó sún mọ́ ibẹ̀, kí owó rẹ̀ sì bá a lọ. Ẹni tí ó rán ọmọ lọ sódò tí kò fún un ní korobá, kò rán an níṣẹ́, ẹ̀gàn ni ó fi ṣe é. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Bí ìdájọ́ náà bá fìdí múlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, àwáwí pé kò sí owó yóò dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè àṣẹ ti béèrè ẹrù. Kò yẹ kí a máa sọ panápaná lókùúta nítorí pé ó pẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àwa ni a kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà. Kí àwọn lańlọ́ọ̀dù ní Akobo tó kọ̀wé sí ìjọba, kí wọ́n pinnu ẹni tí yóò máa di kọ́kọ́rọ́ géètì mú lóru, àti ilé tí a ti lè jí i.