Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ìrìn-Àjò Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìbéèrè Nípa Ìmọ̀

Ìrìn-àjò akẹ́kọ̀ọ́ ni kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì kúrò níwájú pátákó, kí ó mú wọn dé ibi tí ohun tí wọ́n ń kà wà gan-an. Àṣà àtijọ́ ni. Ní ọ̀rúndún 17 àti 18, àwọn ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa bá olùkọ́ wọn lọ sí Róòmù, Florence àti Venice láti fojú rí àwókù ilé àtijọ́ tí wọ́n ti kà nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò gbà pé ẹ̀kọ́ ọmọ ti parí bí kò bá tí ì rin ìrìn náà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti agbègbè rẹ̀, bọ́ọ̀sì akẹ́kọ̀ọ́ kì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó lè yà sí Ifẹ̀wàrà, kó kọjá sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó sì parí sí Òṣogbo. Ìbéèrè kan náà ló ń bá gbogbo ìrìn yìí rìn: kí ni ojú ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí etí kò lè fún un?

Yorùbá ti fi òwe dáhùn pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Èdè náà fúnra rẹ̀ sì ti pààlà sáàrin ọ̀nà méjì. Ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ìmọ̀ ni. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni. Inú ọ̀rọ̀ náà la ti ń gbọ́ ọ, gbígbà àti gbígbọ́. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi ọ̀pọ̀ àkókò bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ lórí ìyàtọ̀ yìí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ní ọdún 1986. Àlàyé àwọn oníṣègùn náà kò gba gbẹ̀rẹ́: ojú nìkan kò tó, àfi kí ẹ̀rí ọkàn tì í lẹ́yìn, kí ènìyàn lóye ohun tí ó ń wò. Ìgbàgbọ́ náà lè di ìmọ̀ bí a bá dán an wò, tí a sì fojú rí i pé òótọ́ ni.

Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wọn ilé ẹ̀kọ́, púpọ̀ nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ìmọ̀ ló jẹ́ ìgbàgbọ́. Ọmọ tó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé òkè ilẹ̀ Guinea ni odò Ọya ti ṣàn wá, ó gbàgbọ́ ni, kò tí ì mọ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn. Kò sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn tó láti fojú rí ohun gbogbo, ẹni tó bá sì kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn pátápátá kò ní lè kẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ohun tó léwu ni kí ènìyàn máa fi ẹnu mímọ̀ sọ ohun tí ó kàn gbọ́.

Ifẹ̀wàrà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Atákúnmọ́sà, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára fún bí ìgbàgbọ́ ṣe ń di ìmọ̀. Àwọn onímọ̀ òkúta fi orúkọ ìlú yìí pe ìlà gígùn kan tí ilẹ̀ ti sán, tí òkúta ìhà kan ti yọ̀ kọjá lára òkúta ìhà kejì. Ní kíláàsì, ìlà náà kò ju fífà kan lọ lórí máàpù. Ní pápá, akẹ́kọ̀ọ́ á fi òòlù lu òkúta, á gbé èyí tó fọ́ sókè sí oòrùn, á sì rí i pé hóró inú rẹ̀ kò rí roboto mọ́. Gbogbo wọn ti nà tẹ́ẹ́rẹ́ síbì kan náà, bí ìgbà tí ọwọ́ bá fa iyán gbígbóná. Nígbà náà ni ó tó mọ ohun tí ìwé ń wí. Síbẹ̀, kò rí ilẹ̀ nígbà tó ń sán. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ipa rẹ̀ ni ó rí. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìgbàgbọ́. Bákan náà ni ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn tó tẹ Ifẹ̀wàrà dó ti wá: orúkọ ìlú ń jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wà láyé lónìí tó bá wọn rin ìrìn náà.

Omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tún la ọ̀rọ̀ náà sí i. Ìpele méje ni omi náà gbà já wálẹ̀ láti orí òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró ní ìpele kìn-ín-ní, tí omi fọ́n sí lójú, mọ ọ̀kan, ó sì gbàgbọ́ nínú mẹ́fà yòókù. Bí ó bá padà délé tó ní òun ti mọ Olúmìrìn, ó ti sọ kọjá ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ẹ̀sìn. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí odò, á rí ọ̀bọ lórí igi, á rí àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́-ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ. Á gbọ́ ìtàn Láróòyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ ìlú dó, àti àdéhùn tó wà láàrin wọn àti Ọ̀ṣun, òrìṣà odò náà. Ojú lè rí odò. Kò lè rí àdéhùn. Lójú àwòrò tó ń sìn ní ojúbọ, ohun tó ti ní ìrírí rẹ̀ ni agbára Ọ̀ṣun. Létí àlejò, ìròyìn ni. Wenger fúnra rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Austria tó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Vienna, kò dúró sí ipò òǹwòran. Ó wọ inú àwọn olórìṣà, wọ́n ń pè é ní Àdùnní, Òṣogbo náà ló sì kú sí ní ọdún 2009.

Àwọn òbí onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí kan ń bẹ̀rù pé ọmọ tó bá wọ igbó náà ti bọ òrìṣà. Ìpààlà tó wà láàrin ojú àti ọkàn dáhùn èyí pẹ̀lú. Bí ojú tí ọkàn kò tì lẹ́yìn kò ṣe lè di ìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwòran tí kò ní ìpinnu ọkàn, tí kò ní ẹbọ tàbí ìwúre, kò lè di ìsìn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ jẹ gbèsè: ibi tí wọ́n bá ní kí àlejò má dé, kó má dé e.

Àwọn ẹ̀sìn tó wá láti òkè òkun kò ṣàì mọ ìbéèrè yìí. Nínú Ìhìnrere Jòhánù, Tọ́másì kò gbà pé Jésù ti jíǹde títí ó fi rí àpá ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀. Jésù fi àpá náà hàn án, ṣùgbọ́n ó súre fún àwọn tó gbàgbọ́ láìrí. Nínú Kùránì, Ànábì Ibrahim bẹ Ọlọ́run kó fi bí Ó ṣe ń jí òkú dìde han òun, kì í ṣe pé kò gbàgbọ́, bí kò ṣe kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìtàn méjèèjì gbà pé ojú ń fún ọkàn ní ìfọ̀kànbalẹ̀, wọ́n sì gbà pé ìgbàgbọ́ ní iyì tirẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ni ìrìn-àjò akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ó ń sọ díẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ ọmọ di ìmọ̀, ó sì ń fi ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí hàn án. Olùkọ́ tó mọ èyí á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà sí àárín ìwé rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì: kó kọ ohun tó rí sí apá kan, kó kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sí apá kejì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Apá kejì ló sábà máa ń gùn jù, inú rẹ̀ náà ni ọmọ yóò sì ti rí ohun tó kù fún un láti lọ wò.