Àdàpè Ìmutípara

Ibi kíkà: Lúùkù 15:11-32, Éfésù 5:18



Ọmọ ìyá kan wá sílé láti yunifásítì fún ìsinmi. Ìyá gbọ́ tí ó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé, "I was wasted on Friday." Ìyá rò pé ọjọ́ Jímọ̀ ni ọmọ fi ṣòfò, tí kò kàwé. Ó ní, "Má dààmú, ọkọ mi, ọjọ́ mìíràn ń bọ̀." Ọmọ rẹ́rìn-ín, kò ṣàlàyé. Ọmọ ti padà sílé ẹ̀kọ́ kí ìyá tó mọ̀ pé ohun tí ó ń wí ni pé òun mutí yó, tí òun kò mọ bí òun ṣe dé ibùsùn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀pọ̀ wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ibi iṣẹ́ àti Gẹ̀ẹ́sì Bíbélì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ọtí. Ó sì pọ̀. Ní ọdún 1737, Benjamin Franklin ti Amẹ́ríkà kó àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé ènìyàn yó jọ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Wọ́n lé ní 200! Ó ṣàkíyèsí pé ìmutípara kò jọ ìwà rere kankan tí ó lè yá orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́".

Lónìí, wọ́n ń sọ pé "legless", ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́. "Hammered", ẹni tí a fi òòlù lù. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lo "revellings" nínú Gálátíà 5:21, níbi tí tiwa ti sọ pé ìréde òru. Orísun kan náà ni "revel" àti "rebel" ti wá, èyí tí í ṣe ọ̀tẹ̀. "Binge" ńkọ́? Ní àwọn ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rírẹ àgbá onígi sínú omi kí ó lè wú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó máa fi pe ọmọ ènìyàn tí ó rẹ ara rẹ̀ sínú ọtí.

Nísinsin yìí, ẹ padà sí "wasted". Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni Bíbélì 1611 lò ní Lúùkù 15:13 fún ohun tí ọmọ onínàákúnàá fi ohun ìní baba rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Lúùkù fi ṣàpèjúwe ìgbé ayé ọmọ náà, ìbátan rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù lò fún àmupara nínú Éfésù 5:18. Ohun tí a kò pa mọ́, tí a jẹ́ kí ó ṣègbé, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Owó ni ọmọ ìgbà yẹn fi ṣòfò. Lẹ́nu àwọn ọmọ wa, ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó ti di òfò!

Ṣùgbọ́n orí kan náà ní ọ̀rọ̀ mìíràn, "merry". Ní ilé ọtí, ẹni tí ọtí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú Bíbélì náà, ilé baba ni ó wà: oúnjẹ wà, orin wà, ijó wà. Ọlọ́run kò kórìíra ayọ̀. Ìbéèrè ni pé, ǹjẹ́ ayọ̀ wà nílé tiwa tí ọmọ lè sá wá bá?

Ẹ má jẹ́ kí a di ẹ̀bi ru àwọn òyìnbó nìkan. Àwa náà ní àdàpè tiwa. A ń pè é ní fàájì. Níbi ìkómọjáde, ta ni ó ń rán ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ gbé ìgò mìíràn wá? Ọmọ ń wò wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, ẹ bi ọmọ yín ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ̀, láìpariwo. Èkejì, ẹ pe ohun náà ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ bá pè yín lóru pé kí ẹ wá mú òun, ẹ lọ mú un. Ẹ fi ìbáwí di òwúrọ̀. Baba inú ìtàn yìí sáré pàdé ọmọ rẹ̀ kí ó tó gbọ́ àlàyé.

Ìyá yẹn pe ọmọ rẹ̀. Kò bú u. Ó ní, "Mo ti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí o sọ. Ìwọ kọ́ ni ohun tí a ó fi ṣòfò. Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, màá se ìrẹsì." Ọmọ dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, mò ń bọ̀."

Kí Olúwa má jẹ́ kí èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ wa di òfò ní ilẹ̀ àjèjì. Àmín.